Oko Tí N Kò Fi Àmì Sí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Hamburg, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sẹ́ni tó kí mi. Kì í ṣe òtútù. Gbogbo ayé ló ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti kó súwẹ́tà mẹ́ta dání bí ẹni tó ń lọ bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn méjì lè máa pàdé lórí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, kí ọ̀kan máa wo ògiri títí èkejì á fi kọjá. Èmi máa ń kí wọn ní tèmi. Màá ní "Guten Morgen", màá sì tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa dá mi dúró, ó fún mi ní ìpara. Ó rò pé orúnkún ń dùn mí ni. Mo gba ìpara náà, mo dúpẹ́, mo sì jáwọ́ nínú títẹ orúnkún.

Rothenburgsort ni à ń gbé nígbà náà, àwa obìnrin mẹ́ta nínú yàrá kan: èmi, ará Ghana kan, àti ará Cameroon kan. Ilé ìkẹ́rù kan tí kò jìnnà sí odò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Páálí á máa bọ̀ lórí bẹ́líìtì, o máa wo nọ́ńbà ara rẹ̀, o máa gbé e síbi tó yẹ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń rò ó pé kí ló wà nínú páálí yìí, ta ló rà á, ṣé inú rẹ̀ máa dùn tó bá dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, n kò ro nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń rí tí dókítà eyín bá gún un lábẹ́rẹ́, téèyàn á fọwọ́ kàn án tí kò ní dáni lóhùn. Bí gbogbo inú mi ṣe rí nìyẹn. N kò sunkún, n kò sì rẹ́rìn-ín tó dénú. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Mojísọ́lá, ọmọ mi, nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn kí n tó pé ọdún kan ní Germany. Orí fóònù ló ti sọ fún mi, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n ti mú iná lọ. Mo ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì mo padà sídìí páálí.

Owó tí mò ń rí kì í dúró. Kì í ṣe pé mò ń ná an. Nílé, tí wọ́n bá ti mọ̀ pé o wà lókè òkun, kò sí ìpè fóònù tí kò ní ohun tó máa mú lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ àbúrò ìyá mi fẹ́ wọ yunifásítì, òrùlé ń jò. Èmi ò sì mọ irọ́ pa. Tí owó bá wà lọ́wọ́ mi tí mo sì ní kò sí, ohùn mi á máa gbọ̀n, ìyá mi á sì gbọ́ ọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bùrọ̀dá Wọlé ló bá mi yanjú ìyẹn.

Ẹgbẹ́ mi ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́ di Bùrọ̀dá. Ó máa ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta gàrí àti epo pupa. Ó ní kí n máa fi díẹ̀ nínú owó mi ra bitcoin lóṣooṣù, kí n sì tì í mọ́ inú ohun kékeré kan tó gùn tó ìka ọwọ́, tó ní ojú gíláàsì tín-ín-rín àti bọ́tìnnì méjì. Wọ́lẹ́ẹ̀tì ló ń pè é, òun ló sì ń tà á fún gbogbo wa, ìdí nìyẹn tí a fi sọ òun náà ní Wọlé Wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ó ní owó náà kò ní sí nínú báǹkì, kò ní sí nínú fóònù, olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní lè dé ibẹ̀.

"Sister, tí wọ́n bá ti béèrè, ẹ ní kò sí lọ́wọ́ yín," ó ní. "It's not a lie. Kò sí lọ́wọ́ yín lóòótọ́."

Ó ṣàlàyé ìyókù fún mi. Ẹ̀rọ náà ní PIN. Tí mo bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á nu gbogbo inú ara rẹ̀ nù. Owó náà kò ní tìtorí ìyẹn sọnù, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló lè mú un padà: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìnlélógún tí ẹ̀rọ náà máa yàn fúnra rẹ̀, tó sì máa fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n kọ wọ́n sórí ìwé bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó ní kí n má ya fọ́tò wọn, kí n má fi wọ́n han ẹnikẹ́ni, títí kan òun gan-an, nítorí ẹni tó bá ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́ ló ni owó yẹn.

Mo wo yàrá wa. Dúrọ́ọ̀ mi kò ní kọ́kọ́rọ́. N kò fura sí àwọn tí a jọ ń gbé, ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Wọlé ti kó ẹ̀rù bà mí. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní màá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí Yorùbá. Ta ló fẹ́ ka Yorùbá ní Rothenburgsort? Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń túmọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan, orí mi sì ń wú. Mo kọ wọ́n bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí WhatsApp, láìsí àmì kankan lókè tàbí nísàlẹ̀. Níbi tí mo bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ lè dàrú, mo fi nǹkan tì í. Mo kọ "eyin adie" kí n má baà rò ó sí eyín ẹnu. Mo kọ "obe ata" kí n má baà rò ó sí èyí tí a fi ń gé ẹran. Nígbà tí mo dé nọ́ńbà kẹtàdínlógún, mo kọ "oko". Ó yé mi kedere, mo sì kọjá sí ìkejìdínlógún. Mo wá ya ìwé tí mo kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wọ́n sí wẹ́wẹ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mo kó lọ sí Berlin. Ilé àwọn arúgbó kan ní Marzahn ló gbà mí síṣẹ́, mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń bọ́ wọn, mò ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀. Mo fẹ́ràn wọn ju páálí lọ. Mo gba yàrá kan ṣoṣo nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro ibẹ̀, mo sì ń wo tírámù láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, omi gbígbóná kọ̀ kò wá, mo pe àwọn onílé, mo fi German bá wọn jà fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣi ọ̀rọ̀ sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Omi dé lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Mo wo orúkọ tó wà nínú fóònù mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé. Mojí ń pe ìyá mi ní Màmá, ó ń pe èmi ní Mọ́mì Germany. Á kí mi dáadáa, á ní, "Ẹ káàsán, mà, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?" bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá kí àlejò. Màá bi í léèrè ilé ẹ̀kọ́, á ní ó dáa. Màá bi í léèrè oúnjẹ tó jẹ, á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà á gbé fóònù fún ìyá mi. Tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, n kì í mọ nǹkan kan lára. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó dùn mí. Mo máa ń dúró díẹ̀ bóyá ó máa dùn mí, kó tó di pé mo dìde lọ fọ abọ́.

Nígbà tí Mojí pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tí mo fẹ́ fi mú un wá. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní Moabit pẹ̀lú fáìlì tó nípọn tó búrẹ́dì. Obìnrin tó dá mi lóhùn kò le rárá. Ó wo iṣẹ́ mi, ó ní ó dáa. Ó wo owó oṣù mi, ó ní ó dáa. Ó wo ilé mi, ó ní yàrá kékeré yẹn kò gba èèyàn méjì, kí n wá èyí tó tóbi, kí n padà wá. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá ilé. Èyí tí mo rí ní yàrá méjì, kò sì ju ojúlé kẹta sí ilé ẹ̀kọ́ kan lọ. Mo dúró nínú yàrá kejì tó ṣófo, mo wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì Mojí máa wà. Àwọn tó ni ilé ní kí n san Kaution, owó ìdúró, kó tó di Friday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn máa gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo ní kò sí wàhálà. Mo délé, mo yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àwọn súwẹ́tà.

N kò tíì fọwọ́ kàn án láti Hamburg, mo sì ti gbàgbé PIN rẹ̀. Mo tẹ ọjọ́ ìbí Mojí, ó ní kì í ṣe òun. Mo tẹ ọdún tí wọ́n bí i, ó ní kì í ṣe òun. Mo jókòó fún bíi wákàtí kan kí n tó tẹ ẹ̀kẹta, mo tẹ ọdún ìbí ìyá mi. Ojú gíláàsì náà ṣókùnkùn, ó tún tàn, ó kí mi káàbọ̀ bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ti nu ara rẹ̀. N kò pariwo. Mo lọ mú ìwé.

Mẹ́tàlélógún nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà kò yọ mí lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ló wà nínú àkójọ kan tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń fi Yorùbá mi wé Gẹ̀ẹ́sì wọn títí mo fi rí wọn. Ó ku "oko". Ẹ ti ń sọ ọ́ nínú yín, mo mọ̀. Èmi náà kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀, pé ọkọ ni, àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó kejì lórí fóònù. Mo tẹ "husband" síbẹ̀. Ó ní rárá. Mo tẹ oko tí a ti ń ro, "farm". Ó ní rárá. Mo bọ́ sórí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọkọ̀ tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì pọ̀: ti orí ilẹ̀, ti ojú omi, ti ojú irin, ti akẹ́rù. Bọ́tìnnì méjì péré ni mo fi ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tó ìdajì wákàtí. Mo máa ń ṣe é lọ́sàn-án tí mo bá ti dé láti Frühschicht, ìyẹn iṣẹ́ àárọ̀. Títí di Sunday, ohun kan náà ló ń wí fún mi.

Ọjọ́ Monday, tí iṣẹ́ ò sí, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Hamburg. Mo lọ dúró níwájú ilé tí a gbé ní Rothenburgsort. Orúkọ tí n kò mọ̀ ló wà lára aago ẹnu ọ̀nà. Mo gbójú sókè wo fèrèsé yàrá wa, mò ń wá obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó kọ "oko" tó sì yé e. Kí ló ń rò? Kí ló rí lọ́jọ́ yẹn? Ó wá ń ṣe mí bíi pé mò ń wá ẹlòmíràn, ẹni tí a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà lásán.

Bùrọ̀dá Wọlé rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mo sọ fún un. Nígbà tó rí ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun rí. Ó ní àwọn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pe ara wọn ní olùgbàlà, kí n má dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé, wọ́n á kó owó náà lọ. Ó wá ronú díẹ̀.

"Ẹ pè é sókè," ó ní. "Ẹ má wo ìwé. Just say it, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nílé."

Mo la ẹnu. N kò rí i pè. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí ìwé, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, èdè tí ìyá mi fi bí mi ni, n kò sì mọ ohùn tí mo fẹ́ fi pè é. Oníbàárà kan ń dúró pẹ̀lú àpò gàrí àti fóònù tó fọ́. Mo pa ẹnu mi dé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Wọlé, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Berlin.

Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, mo rò ó dáadáa. Mo máa ń gbà pé èdè ni ohun kan tí kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo ṣe fi owó mi pamọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, German ni mò ń sọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àdàlù Gẹ̀ẹ́sì ni. Yorùbá mi kò ju ti ọjọ́ Sunday lọ, ìkíni, oúnjẹ, ilé ẹ̀kọ́, ó dàbọ̀. N kò sì mọ èyí tí mo fi ń ronú mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olè, èmi gan-an ni mo wà níta. Ó yẹ kí n sunkún nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Mo sùn.

Ọjọ́ Thursday, ó ku ọ̀la. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ni mò ń ṣì tẹ̀. Mo ti tẹ mẹ́rìndínlógún nígbà tí fóònù dún. Ìyá mi ni. Wọn kì í pè mí ní Thursday.

Wọ́n ní Mojí ti dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ ilé kejì kan ló sọ fún un lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ pé kò ní ìyá, pé inú fóònù ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Mojí bẹ̀rẹ̀, ó ṣa nǹkan nílẹ̀.

"Ó sọ òkò lù ú," ìyá mi ní. "Iwájú orí ọmọ ọlọ́mọ bẹ́. Òkò, Ìyá Mojí. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́."

N kò gbọ́ ìyókù dáadáa. Mo rántí pé wọ́n fún Mojí ní fóònù, pé ó ń sunkún débi pé ó ń ṣe hìn-ìn, hìn-ìn, pé ó ní, "Mọ́mì, òun ló kọ́kọ́..." Mo ní mò ń bọ̀, mo ní màá pè yín padà, mo sì pa fóònù.

Òkò. Ẹlòmíràn ì bá túmọ̀ "stone" sí òkúta. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, òkúta ni wọ́n fi ń kọ́lé. Èyí tó kéré tó ṣeé gbé lọ́wọ́, òkò ni. Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣì ń ronú bí ará ilé. Mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo tẹ ìkejìdínlógún, mo tẹ gbogbo rẹ̀ dé ìkẹrìnlélógún. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó ṣí. Ohun tó wà níbẹ̀ tó Kaution, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Mo mú bírò, mo fi àmì sórí "o" méjèèjì nínú òkò náà.

Mo pe Bùrọ̀dá Wọlé, ó ké halelúyà, ó sì tọ́ mi sọ́nà títí owó fi bọ́ sí báǹkì mi. Mo san Kaution. Mo fi í-meèlì ránṣẹ́ sí àwọn onílé, wọ́n dáhùn pé ilé ti di tèmi. Mo gbé ìrẹsì kaná, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ọkàn mi fúyẹ́, ó ti pẹ́ tó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, mo tilẹ̀ ń kọrin. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo rántí pé mo ní màá pè padà. Ó ti lé ní wákàtí méjì.

Ìyá mi gbé e. Mo yára bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, pé mo ti rí ilé, pé mo ti sanwó, pé Mojí ń bọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kí wọ́n fún mi ní Mojí kí n sọ fún un fúnra mi.

"Ó ti sùn," wọ́n ní. "Ó jókòó ti fóònù títí, ó sunkún títí ó fi sùn. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, pé òun ò ní sọ òkò mọ́ láéláé, kí o má pa fóònù mọ́ òun létí mọ́."

Abọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀. Ó dùn mí, ó dùn mí dé egungun, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n jí i. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó sinmi, á jí nígbà oúnjẹ alẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, n kò ní pa á.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, ó ń mí, imú rẹ̀ dí nítorí ẹkún. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí mi, mò ń dúró kí ọmọ mi jí.